Ọwọ́ Tó Ń Gbé Àrùn Kiri Láàárín Ìlọrà àti Fìdítì

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní agbègbè Afijio, ohun tí àgbẹ̀ kọ́kọ́ ń wá kiri ni igi ẹ̀gẹ́. Ẹni tí kò bá ní á tọ ará ilé rẹ̀ lọ, ará ilé á sì ní kó lọ gé e lóko òun. Owó kì í sábàá wọ̀ ọ́. Láti Ìlọrà dé Fìdítì, láti Akínmọ̀ọ́rìn dé Aáwẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn: wọn á gé igi, wọn á dì í ní ìdì-ìdì, ọ̀kadà á gbé e, ó di oko ẹlòmíràn. Inú rere ni. Ọ̀nà tó sì gbòòrò jù tí àrùn ẹ̀gẹ́ ń gbà rìn láti oko dé oko nìyẹn pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ rí àrùn náà lójúkojú kò ní rìn jìnnà. Kó wọ oko ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta lórí ilẹ̀, kó wo ewé òkè. Ewé tó yẹ kó tẹ́ á ti hunjọ, ìka rẹ̀ kan á gùn, òmíràn á kúrú, á sì lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní dọ́gba: ibì kan á tutù yọ̀yọ̀, ibì kan á ti pọ́n rúsúrúsú. Kó wá rọra yí ewé tó kéré jù lókè náà dé, kó wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn eṣinṣin funfun wínníwínní ló wà níbẹ̀, gígùn wọn kò ju mìlímítà kan lọ. Bí ọwọ́ bá kan ewé, wọ́n á gbọ̀n dìde bí eérú tí atẹ́gùn fẹ́, kí ìṣẹ́jú kan tó pé, wọ́n ti padà bà.

Àwọn onímọ̀ ń pe àrùn yìí ní mosaic. Ní 1894 ni ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Warburg kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Inú omi ara ẹ̀gẹ́ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbé. Eṣinṣin funfun á fa omi náà mu lára èyí tó ń ṣàìsàn, á fò lọ sórí èyí tí ara rẹ̀ le, á sì kó o ràn án. Ṣùgbọ́n eṣinṣin tó kéré báyìí kì í dá rin ìrìn Ìlọrà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ènìyàn ló ń gbé igi ẹ̀gẹ́ sọdá ìlú. Igi tí wọ́n bá gé lára ẹ̀gẹ́ tó ní àrùn, àrùn ti wà nínú rẹ̀ kó tó hu. Inú àìsàn ni ẹ̀gẹ́ tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀ ayé, ohun tí àgbẹ̀ yóò wú nílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ á sì tín-ín-rín.

Bí a bá fi ojú yìí wo àrùn ènìyàn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọra. Àkóràn kì í dá rìn. Ó gbọ́dọ̀ rí ẹni tàbí ohun tí yóò gbé e: ọwọ́, omi, èémí, ẹ̀fọn, eku, ọ̀bẹ, ọkọ̀. Iṣẹ́ ìdènà, ìbáà jẹ́ nílé ìwòsàn, ìbáà jẹ́ lóko, kò ju kí a dá ẹni tó ń gbé e mọ̀, kí a sì dínà mọ́ ọn kó tó dé. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni pé fún àrùn ènìyàn, a ní òfin, a ní òṣìṣẹ́, a ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Ti oko, a fi sílẹ̀ fún orí kálukú. Ìyẹn ni kò dára, nítorí ẹni tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ náà ni a ń gún lábẹ́rẹ́.

Kò sí àrùn tó fi bí a ṣe ń dínà hàn kedere tó sòbìyà. Àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣì mọ̀ ọ́n dáadáa. Sòbìyà kì í ranni nípa ìfarakanra, kì í sì í gba inú atẹ́gùn. Omi mímu ló ń gbà. Ẹni tí aràn náà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á ki ẹsẹ̀ bọ omi kí oró rẹ̀ lè rọlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan omi, aràn á da àwọn ọmọ rẹ̀ sínú odò. Kòkòrò omi kan tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí á gbé wọn mì. Ẹni tó bá bu omi náà mu láìsẹ́ ẹ ti gbé kòkòrò àti ọmọ aràn mì pọ̀. Ó di bí ọdún kan sí i kí aràn tuntun tó yọjú, á sì lè gùn tó mítà kan.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á jákèjádò Nàìjíríà, ní 1987 sí 1988, àwọn tó ní sòbìyà lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìdèrè àti Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá lórí ọ̀rọ̀ náà, ohun tí wọ́n rí sì kọjá egbò ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tí sòbìyà dá sílẹ̀ nígbà iṣẹ́ kò lè kọ ebè, kò lè kórè, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì máa pa ilé ìwé jẹ. Àrùn ara ènìyàn ló ń sọ oko di igbó.

Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìyà, kò sì sí oògùn tó ń pa á lára. Síbẹ̀, wọ́n lé e lọ. Wọ́n pín aṣọ asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò omi kò lè gbà á kọjá. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n ri ẹ̀rọ omi. Wọ́n da oògùn Abate sínú adágún. Wọ́n yan àwọn ará abúlé fúnra wọn láti máa ṣọ́ ẹni tí aràn bá ń yọ lára rẹ̀, kó má bàa wọ odò. Carter Center láti Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Enugu, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé ó ti tán. Àwọn àgbà ní sòbìyà yóò di egbò, olúgànbe là ń ké sí. Ní tèyí, wọn kò dúró de egbò mọ́: orísun omi ni wọ́n lọ dúró tì.

Ohun tí asẹ́ jẹ́ fún omi ni yíyan igi jẹ́ fún ẹ̀gẹ́. Kò gba oògùn, kò gba owó púpọ̀. Kí àgbẹ̀ tó gé igi, nígbà tí ewé ṣì wà lórí rẹ̀, kó rìn yí oko ká, kó so àmì mọ́ èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, lára wọn nìkan ni kó sì ti gé. Bó bá dúró di ìgbà tí ewé ti wọ́ dànù, gbogbo igi jọra wọn, ojú kò lè yà wọ́n mọ́. Àgbẹ̀ tó bá sì fa ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn tu ní oṣù àkọ́kọ́ ti gba ìyókù là, nítorí eṣinṣin funfun kò ní rí ibi tí yóò ti fa àrùn mu.

Ẹ̀fọn ni eṣinṣin funfun ti ènìyàn. Lọ́dún 1987 kan náà, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibà apọ́njú jà ní ìpínlẹ̀ náà ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún. Kì í ṣe ẹ̀fọn inú igbó ló gbé e kiri. Ẹ̀fọn abílà tó ń yé sínú àmù, agolo àti táyà àlòkù ni, ìyẹn ẹ̀fọn àárín ilé. Àwọn wolé-wolé ayé ìjọba òyìnbó mọ ibi tí wọ́n ń wò. Wọ́n á ṣí àmù, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, onílé tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ á sì sanwó ìtanràn. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn wọn, ọ̀pọ̀ sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní láárí: ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni tanwíjí ń lò kó tó di ẹ̀fọn, ẹni tó bá ń da omi àmù nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò ní tọ́ ẹ̀fọn dàgbà nínú ilé.

Ibà apọ́njú ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1927, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ Rockefeller tí ibùjókòó wọn wà ní Yaba gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ará Ghana kan tó ń jẹ́ Asibi. Ara rẹ̀ yá. Láti inú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ 17D ní 1937, tó gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 1951. Adrian Stokes tó wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kò rí abẹ́rẹ́ náà. Ibà apọ́njú pa á ní Èkó ní 1927 kan náà. Gígún abẹ́rẹ́ 17D lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ẹni títí ọjọ́ ayé.

Ẹ̀gẹ́ kò ní irú àǹfààní yìí. Ara ènìyàn ń rántí àrùn tó ti bá pàdé. Ìrántí yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń lò. Ewéko kò ní ẹ̀jẹ̀ tó lè gbé ìrántí báyìí kiri ara. Ó ní àwọn ọ̀nà tirẹ̀ láti gbèjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n inú irú rẹ̀ ló ti ń bá wọn wáyé. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ àjẹsára oko fi jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó ń mú irú kan gùn mọ́ òmíràn. Ó sì yẹ kí a rántí pé ara ewé ni ayé ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ fáírọ́ọ̀sì, kì í ṣe ara ènìyàn: ewé tábà ni Ivanovsky ará Rọ́ṣíà ń yẹ̀ wò ní 1892, òun náà ni Beijerinck ará Netherlands ń yẹ̀ wò ní 1898, irú ewé tí àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn ń gbìn tà.

Ìtàn bí ẹ̀gẹ́ ṣe rí ìgbàlà gba Ìbàdàn kọjá. Ní Amani, ní Tanzania, láàárín ọdún 1930 sí 1940, Storey àti Nichols mú ẹ̀gẹ́ gùn mọ́ ìbátan rẹ̀ kan nínú igbó tí wọ́n máa ń fà rọ́bà lára rẹ̀, kí wọ́n lè rí èyí tí mosaic kò ní lè borí. Ọ̀kan nínú ọmọ-ọmọ iṣẹ́ yẹn, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 58308, dé Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ní 1971, Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, dé sí IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Kò pẹ́ tó dé tí àrùn mìíràn fi yọjú. Bakitéríà ló fa èyí: ewé á jóná, igi á máa ti òkè kú wá sílẹ̀, oje á máa yọ lára rẹ̀. Òjò tó ń ta sára ewé ń gbé e, àdá tó gé igi kan tó sì tún gé èkejì ń gbé e, igi tí wọ́n ń fún ara wọn náà ń gbé e. Ọ̀pọ̀ oko ẹ̀gẹ́ ní gúúsù Nàìjíríà ló bá a lọ láàárín ọdún 1970 sí 1980. 58308 ni Hahn fi bẹ̀rẹ̀, ibi tó sì bá a dé ni TMS 30572 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ara wọn gba mosaic àti bakitéríà náà mọ́ra. Àwọn ará Ìkirè fi í jẹ Sẹ̀ríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Oyè náà tọ́ sí i.

Kòkòrò oníyẹ̀fun tó ń mú ẹ̀gẹ́ rọ dé Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1973. Òun kì í ṣe àrùn, kòkòrò lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ká a lọ́wọ́ kò ṣeé gbójú fò. Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA lọ wá ọ̀tá rẹ̀, agbọ́n wínníwínní kan, ní Paraguay, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1981. Agbọ́n náà ló tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà tó ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ṣì wà. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tó le ju ti àjẹsára lọ. Ewéko tó ń ṣàìsàn, a lè fà á tu, kí a dáná sun ún. A kò lè fa ènìyàn tu. Àwọn kan rò pé ìyẹn mú iṣẹ́ oko rọrùn, ṣùgbọ́n ìtàn kòkó Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú ní Nàìjíríà; fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, irú kòkòrò oníyẹ̀fun mìíràn ló sì ń gbé e. Ìjọba amúnisìn ní kò sí ohun mìíràn ju kí wọ́n gé igi tó ń ṣàìsàn àti èyí tó wà nítòsí rẹ̀ lulẹ̀. Àwọn agé-kòkó wọ oko. Àgbẹ̀ rí igi tó ṣì ń so, tó fi ń san owó ilé ìwé ọmọ, tí wọ́n ń fi àáké gé e lójú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Maiyegun dìde ní Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ náà, A. M. A. Akínlóyè sì wà níwájú wọn. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, ìbínú lórí kòkó gígé wà lára ohun tó dá rúkèrúdò 1948 sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ tọ̀nà lórí bí àrùn náà ṣe ń ràn. Ohun tí wọn kò ṣe ni pé wọn kò jókòó ti àgbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi yé e, kí wọ́n sì gbé owó gbà-máà-bínú igi rẹ̀ kalẹ̀ ní iye tó lè gbà.

Fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkó ní 2014. Ogúnjọ́ oṣù Keje ni Patrick Sawyer gúnlẹ̀ láti Liberia pẹ̀lú Ebola lára. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tó bá àwọn aláìsàn pàdé, ẹni 894, wọ́n sì ń lọ sílé wọn lójoojúmọ́ láti wo bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ogún ènìyàn ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, ó sì tán ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ, àhesọ tàn kálẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè pé kí ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu ún. Ní Afijio náà, fóònù dún lóru. Àhesọ yẹn náà jẹ́ àkóràn, ó sì yára ju Ebola lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ ni ìdáhùn sí i, nítorí àwọn ènìyàn mọ ojú wọn.

Fìdítì kì í ṣe ìlú ẹ̀gẹ́ nìkan. Arìnrìn-àjò tó bá gba ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ mọ ìlú náà mọ èso: ọsàn lórí àtẹ, ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n tò jọ gègèrè. Ọ̀pẹ òyìnbó kì í ti inú kóró hù lóko àgbẹ̀. Ọmọ ìdí rẹ̀ tàbí adé orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, wọ́n sì máa ń pín in fúnra wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pín igi ẹ̀gẹ́. Àrùn tí wọ́n bẹ̀rù jù níbi tí wọ́n ti ń gbin ọ̀pẹ òyìnbó káàkiri ayé ni èyí tó ń mú ewé rẹ̀ pọ́n, kó rọ láti orí, kí gbòǹgbò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní Hawaii ni wọ́n ti kọ́kọ́ tú u palẹ̀. Kòkòrò oníyẹ̀fun aláwọ̀ osùn ló ń gbé e, èèrà sì ni darandaran kòkòrò yìí: ó ń lá oyin tó ń jáde lára rẹ̀, ó ń lé ọ̀tá rẹ̀ dànù, ó sì ń gbé e láti ìdí kan dé òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ọmọ tó mọ́ lè rì í sínú omi gbígbóná tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 50 lórí Celsius fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ń pa kòkòrò náà, kò ní pa ọmọ. Ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi wọn omi gbígbóná lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn: kó wo ìdí ewé, kó má gba ọmọ tí ẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́.

Ti ọsàn tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Florida ní Amẹ́ríkà. Ní 2005 ni wọ́n rí àrùn tó ń sọ ewé ọsàn di rúsúrúsú, tí èso fi ń kéré, tó ń korò, tó ń bọ́ ṣáájú àkókò. Kòkòrò kékeré kan ló ń gbé bakitéríà rẹ̀. Lásìkò 2003 sí 2004, Florida kórè ju 240 mílíọ̀nù àpótí ọsàn lọ. Lásìkò 2022 sí 2023, kò tó 20 mílíọ̀nù. Ìjì líle náà dá kún un, àmọ́ àrùn yìí ló kọ́kọ́ gba agbára lọ́wọ́ igi. Orílẹ̀-èdè tó lówó jù láyé ni, ó ní yunifásítì, ó ní ọkọ̀ òfuurufú tó ń fọ́n oògùn, kò sì rí i dá dúró, nítorí igi ọsàn tí wọ́n ń tà nínú ike ti gbé e dé ìlú púpọ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ìlú tí ọsàn jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi irú ìròyìn yìí ṣe ti ará ibòmíràn.

Nígbà mìíràn, ìlà tó pín ilé sí oko kò sí rárá. Gàrí àti láfún ni àpẹẹrẹ. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Borno pè nígbà tó pa nọ́ọ̀sì Laura Wine ní 1969, ọ̀dọ̀ eku ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Eku á tọ̀ sórí oúnjẹ, á yàgbẹ́ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tàbí tó jẹ ẹ́ ti wà nínú ewu. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá sẹ́bàá títì tàbí sórí àpáta di ọwọ́ alẹ́, àwọn eku ló ń ṣọ́ ọ. Bí obìnrin tó ń ṣe láfún bá ní àtẹ tó ga nílẹ̀, tó ń kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, tó sì ní ike tó ní ìdérí, ó ti ṣe iṣẹ́ ìlera fún ìlú tí orúkọ rẹ̀ kò ní hàn nínú ìwé ìjọba kankan.

Ti onígbáméjì kò gba àlàyé púpọ̀. Ó dé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1970, ó sì pa ju 7,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà ní 1991 nìkan. Ṣáláńgá tó jìnnà sí kànga, omi tí wọ́n sè, ọwọ́ tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, àti omi oníyọ̀-oníṣúgà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì tẹnu mọ́ nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera: ohun tó ń gba ẹ̀mí là nìyẹn. Ẹni tó ń ta ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ti bó sínú ọ̀rá lẹ́bàá títì náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí omi tó fi ń ṣan ọ̀bẹ rẹ̀ lè mọ́, ó sì lè máà mọ́.

Ta ló ń ṣọ́ oko? Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ mínísítà Akin Deko, dá àwọn ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn 1959, ti Ìlọrà wà lára wọn. Wọ́n kó ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé síbẹ̀, wọ́n fún wọn ní ilé, ilẹ̀ àti irúgbìn tí ìjọba yàn, àgbẹ̀ ìjọba sì ń bọ̀ wá wo ohun tí wọ́n gbìn. Nígbà tó yá, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ (ADP) tí Báńkì Àgbáyé kówó lé náà rán òṣìṣẹ́ sí abúlé. Nígbà tí owó náà tán láàárín ọdún 1990 sí 2000, òṣìṣẹ́ dín kù, àwọn tó kù kò sì ní alùpùpù tí wọn yóò gùn. Ọmọ ọwọ́ ní Fìdítì ní káàdì àjẹsára tí nọ́ọ̀sì ń yẹ̀ wò. Igi ẹ̀gẹ́ tí yóò bọ́ ọmọ náà kò ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Afijio, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Jobele, fi òṣìṣẹ́ tó mọ ewé sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó mọ ibà, kí wọ́n jọ máa lọ sí abúlé kan náà ní ọjọ́ kan náà.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ní 2016 ni ètò BASICS bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti sọ igi ẹ̀gẹ́ mímọ́ di òwò, kí wọ́n gbìn ín sọ́tọ̀, kí àjọ tó ń rí sí irúgbìn ní Nàìjíríà, NASC, wá yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á. Àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti mọ TME 419 dunjú. Owó ni ìṣòro: ta ni yóò ra ohun tí ará ilé ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́? Bí ìyàtọ̀ inú ilẹ̀ nígbà ìkórè kò bá hàn sí àgbẹ̀ lójú ara rẹ̀, ní oko aládùúgbò rẹ̀, kò ní san án, a kò sì lè bá a wí.

Kánjúkánjú sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà, àrùn ẹ̀gẹ́ mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní brown streak. Ó ti kúrò ní etíkun dé Uganda, Rwanda, Burundi àti Congo. Òun kì í kéde ara rẹ̀ lórí ewé bíi mosaic. Ewé lè dára lójú, igi lè dúró ṣinṣin, ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá wú u ni yóò rí i pé inú ẹ̀gẹ́ ti jẹrà, ó ti di àwọ̀ igi gbígbẹ, ẹran kò ní jẹ ẹ́. Eṣinṣin funfun kan náà tó wà lábẹ́ ewé ní Ìlọrà lè gbé e, ìdì igi kan nínú àpò arìnrìn-àjò sì tó láti mú un sọdá ibodè. Ètò WAVE, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Bingerville ní Côte d'Ivoire, tó sì ní ẹ̀ka ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà, ń yẹ oko wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí àrùn náà tó dé. Àgbẹ̀ tó bá ń la ẹ̀gẹ́ nígbà tó ń kórè, tó ń wo inú rẹ̀ kó tó kó o lọ fún àwọn tó ń dín gàrí, ló máa kọ́kọ́ rí i. Kò tíì sí ẹni tó sọ fún un ibi tí yóò gbé ìròyìn náà lọ.